Ọba Inú Géèmù Tí Kò Mọ Ìdọ̀bálẹ̀

Ọjọ́ kan wà tí mo ti lé títí, tí kò kúrò lọ́kàn mi: ọjọ́ Sátidé tí wọ́n jù mí sẹ́wọ̀n ní Hampton nítorí pé mo kí ọba. Ẹ má tíì káàánú mi o. Inú géèmù ni ọba ọ̀hún wà, inú géèmù náà ni ẹ̀wọ̀n wà. Ṣùgbọ́n ìtìjú tó bá a wá, òde ayé níbí ló ti bá mi, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, lójú ọmọ tí mo bí.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ìwé mẹ́fà ni mo kà n'Ísẹ́yìn, mi ò sì ka ìkẹfà yẹn tán dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wá sí Fairburn, ní Georgia l'Amẹ́ríkà níbí, ẹ wọ warehouse tó bá wù yín, ẹ béèrè ẹni tó mọ forklift, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè, wà jù lọ. Orúkọ tèmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá. Mo lè gbé ẹrù tó ga ju ọmọ èèyàn méjì lọ sórí àgbékà karùn-ún, kí n sì máa jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́ kejì. Àwọn tó ní dìgírì níbẹ̀, èmi ni mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yí kọ̀rọ̀. Mi ò fi ṣe fáàrí. Òótọ́ ni, òótọ́ kì í sì í ṣe fáàrí.

Ọmọ mi obìnrin, Fadékẹ́, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló kó géèmù wọ ilé wa ní Stockbridge. Kì í ṣe pé ó kàn ń gbá a. Ó ń ṣe é fúnra rẹ̀. Irú èyí tí èèyàn ti máa ń di ẹlòmíràn ni: wàá yan orúkọ, wàá yan aṣọ, wàá máa rìn kiri nínú ìlú tí kò sí láyé, wàá máa jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí wa máa ń kó àwọn ọmọ tó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ nígbà ooru láti kọ́ wọn sí i, ibẹ̀ ni Fadékẹ́ fẹ́ wọ̀. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fẹ́ kó ṣe nọ́ọ̀sì. Àdéhùn tí àwọn méjèèjì ṣe ni pé bí wọ́n bá mú un, ẹnikẹ́ni ò ní dárúkọ nọ́ọ̀sì sí i létí mọ́. Bí wọn ò bá mú un, yóò pa kọ̀ǹpútà dé, yóò lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gúnni lábẹ́rẹ́.

Èmi ò bínú sí géèmù. Ohun tí wọ́n ń kó sínú rẹ̀ ló ń bí mi nínú. Ìgbàkígbà tí mo bá gba ẹ̀yìn ọmọ yìí kọjá, ilé olódi olókùúta ni màá rí. Kùrukùru bo ilẹ̀. Baba arúgbó onírùngbọ̀n funfun ń fún ẹnì kan ní idà. Àwọn ọ̀mùtí ń jà nílé ọtí. Dírágónì jókòó sórí òkè, ó ń dúró dè wọ́n. Géèmù tó rà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yá a, bẹ́ẹ̀ ló rí. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lọ́jọ́ kan mo dúró tì í. Mo ní, "Fadékẹ́, ṣé ìlú òyìnbó àtijọ́ nìkan ni Ọlọ́run dá ni?"

Ó ní, "Daddy, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. It's classic."

Mo ní iṣu náà classic. Ṣùgbọ́n ta ni ń jẹ iṣu láàárọ̀, tó ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, tó ń jẹ ẹ́ lálẹ́, tó tún ń pariwo kiri pé oúnjẹ tuntun dé? Mo ní wọ́n ti lo ilé olódi yẹn gbó, ó ti já lórúnkún bíi ṣòkòtò oko. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí dírágónì rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi ya dírágónì náà, ìpẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, títí dórí èéfín tó ń jáde nímú rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ó rẹwà. Mi ò sọ fún un.

Òfin ìdánwò àbáwọlé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ní Hampton, ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan máa mú ẹnì kan tí kò gbá géèmù náà rí dání. Ẹni yẹn ló máa gbá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú àwọn adájọ́ mẹ́ta, ẹni tó ṣe géèmù ò sì gbọdọ̀ lanu. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àlejò lè rí ọ̀nà ara rẹ̀ níbẹ̀ láìsí afọ̀nàhàn. Aunty Bùnmi, ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, ni Fadékẹ́ ti bẹ̀ sílẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n pe Aunty Bùnmi sí shift ní hospital. Ọmọ náà jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Ta ló kù nílé tí kò gbá a rí? Mo dìde. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má dààmú. Mo ní èmi tí ẹ ń wò yìí, tí mò ń fi ọ̀pá mẹ́rin darí irin tó wúwo ju erin lọ, kí ni pádì kékeré tí àwọn ọmọdé ń dì mú fẹ́ fi mí ṣe?

Ìyàwó mi wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Baba Fadékẹ́, ọwọ́ yín kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹnu yín ni."

Mo dé fìlà mi, mo gẹ̀ ẹ́ sápá òsì bí mo ṣe máa ń gẹ̀ ẹ́, a kọrí sí Hampton. Wọ́n gbà kí ọmọ kọ́ni ní bọ́tìnì, àmọ́ bọ́tìnì nìkan. Nínú mọ́tò, Fadékẹ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn mí. Èyí fún rírìn, èyí fún ọ̀rọ̀ sísọ, èyí fún mímú nǹkan. Èyí tó wà lápá ọ̀tún pátápátá, ó ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin mi inú géèmù máa nà gbalaja sílẹ̀. Mi ò bi í pé kí ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe. Ọmọ Yorùbá ni mí. Ọkùnrin tó bá nà gbalaja sílẹ̀, mo mọ ohun tó ń ṣe.

Tábìlì mẹ́jọ ni wọ́n tò sínú gbọ̀ngàn ọ̀hún, kọ̀ǹpútà kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rìn yí wọn ká kó tó kàn wá. Tábìlì kìíní, ilé olódi. Ìkejì, ilé olódi. Ìkẹta, ilé olódi, òjò ń rọ̀ lé e lórí. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, méje nínú mẹ́jọ, tiwa náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó ṣe ìkẹjọ fi tirẹ̀ sínú ọkọ̀ tó ń lọ sínú òṣùpá, inú mi ń dùn bọ̀, àfi bí mo ṣe wo inú ọkọ̀ tí mo rí ọba kan lórí ìtẹ́ òkúta. Mo mi orí. Fadékẹ́ fa apá mi, ó ní, "Daddy, please."

Ó kàn wá. Ọkùnrin méjì àti obìnrin adúláwọ̀ kan tó wọ gíláàsì ojú pupa ni adájọ́, obìnrin náà sì ni olórí wọn. Ó ṣàlàyé fún mi pé kí n wọ ìlú, kí n lọ gba idà lọ́wọ́ ọba, kí n fi gun òkè lọ bá dírágónì. Ọmọ mi dúró sẹ́yìn mi. Wọ́n tẹ aago.

Ọkùnrin tí mo dà dúró síta ibodè, ó gbé àpò ńlá kan sáyà. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, bí ẹrù bá bò ọ́ lójú, ẹ̀yìn lo máa fi rìn. Ẹni tó bá fi iwájú rìn, wọ́n á lé e lọ sílé. Torí náà mo yí i padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn wọ̀lú. Ó fi ẹ̀yìn kọlu ẹṣin. Ó fi ẹ̀yìn da àtẹ oníbúrẹ́dì nù. Ó fi ẹ̀yìn já sínú odò tí wọ́n gbẹ́ yí ilé olódi ká, ó rì, wọ́n dá a padà síta ibodè. Ìṣẹ́jú méjì ti lọ. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ kọ nǹkan sílẹ̀. Mo rò pé ìrìn mi ló wú u lórí.

Mo wá fi iwájú wọlé. Ìyá kan ń fa omi ní kànga. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí: ṣé mo lè gba ara ìyá tó ń fa omi kọjá láìkí i? Mo tẹ bọ́tìnì ọ̀rọ̀. Ó ní òtútù mú lónìí, àlejò. Mo dúró kó béèrè ilé, kó béèrè àwọn ọmọ. Kò béèrè. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní òtútù mú lónìí, àlejò. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́rin. Mo ní bóyá etí ìyá ti di, mo kọjá sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ó ní òtútù mú lónìí, àlejò. Ìlú odindi, gbólóhùn kan ṣoṣo. Mo sì kí gbogbo wọn pátá, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹni tó wá láti Stockbridge kò lẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo dé ẹnu ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú kọ̀ǹpútà pé kí n wọlé, kí n fọ́ àwọn ìkòkò, asà tí màá fi bá dírágónì jà wà nínú ọ̀kan. Èmi ni kí n wọ ilé onílé, kí n fọ́ ìkòkò rẹ̀, kí n jí asà rẹ̀ lọ? Mo dúró lójú ọ̀nà, mò ń tẹ bọ́tìnì ọ̀rọ̀, àgò onílé. Obìnrin adájọ́ rọra ní mo lè wọlé. Mo bi í pé ta ló nilé. Ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú, ó ní kò sẹ́ni tó ni ín. Mo ní iná ń jó nínú ààrò, búrẹ́dì wà lórí tábìlì, ẹ wá ní kò sẹ́ni tó nilé. Mo kọjá lọ láìwọlé. Mo gbọ́ tí Fadékẹ́ mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi.

Mo wọ ààfin. Ọba jókòó, ẹ̀ṣọ́ méjìlá dúró tì í nínú ẹ̀wù irin. Wọ́n kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé kí n lọ dúró níwájú ọba. Kí n dúró. Níwájú ọba. Bí òpó iná. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo tẹ bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún, ọkùnrin mi nà gbalaja, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, ó mọ́ ju èyí tí mo ṣe níwájú bàbá ìyàwó mi lọ. Ọba ò ní kí n dìde. Mo ní bóyá mo jìnnà sí i jù. Mo tì í síwájú díẹ̀, ó ń fi àyà wọ́ lọ. Mo tiẹ̀ gbójú sókè wo àwọn adájọ́, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n ń pè ní ilé-ẹ̀kọ́ rere.

Fèrè dún. Ẹ̀ṣọ́ méjìlá fa idà yọ.

Àṣé ìfarapamọ́ ni wọ́n ń fi bọ́tìnì yẹn ṣe, kí ojú dírágónì má bàa tó ọ lórí òkè. Ẹni tó bá wá ń fi àyà wọ́ lọ sídìí ìtẹ́ ọba, apààyàn ni lọ́dọ̀ tiwọn. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wọ́ mi, wọ́n jù mí sínú àjà ilẹ̀: òkúta lọ́tùn-ún, òkúta lósì, èmi àti eku kan láàárín.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣì kù. Ẹ gbọ́ ibi tí ẹ̀bi mi wà, torí èmi kì í sá fún ẹ̀bi. Òkúta kan wà lára ògiri yẹn tí èèyàn lè tì kó sì bọ́ síta, ẹ̀bá òkè dírágónì gan-an ló sì máa gbé e yọ. Fadékẹ́ mọ̀. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń fi bàtà gbálẹ̀ lẹ́yìn mi, kọ́, kọ́, kọ́. Bí mo bá ti fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn tẹ bọ́tìnì kiri ara ògiri, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Èmi gbé pádì kalẹ̀, mo sì gbé ẹnu.

Gẹ̀ẹ́sì mi, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ṣà á, ṣùgbọ́n ó tó mi í jà. Mo bi wọ́n pé irú ọba wo ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún tó ní kí wọ́n lọ de èèyàn. Mo ní méje nínú mẹ́jọ ilé tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, òkúta kan náà ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìyá kan náà ló ń fa omi níbẹ̀, òtútù kan náà ló sì ń mú un. Mo ní ayé fẹ̀. Mo ní a ní ìlú tiwa, a ní odi tiwa, a ní ogun tiwa, kí ló dé tí ọmọ Ìsẹ́yìn máa jókòó sí Georgia tí yóò máa kọ́lé fún ọba tí kò mọ baba rẹ̀ rí? Bàbá ọmọ tábìlì kẹta dìde, ó ní kí ni mò ń sọ sí iṣẹ́ ọmọ òun. Mo ní òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ dára gan-an, ilé olódi nìkan ni mò ń bá wí. Mo ṣì ń bá a lọ nígbà tí aago dún.

Kò sí nínú adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó rí dírágónì.

A padà sí Stockbridge. Mo sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìdajì ọ̀nà, pé mo là wọ́n lójú, pé wọn ò ní gbàgbé mi. Fadékẹ́ ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Nígbà tó yá, ó ní, "Four months, Daddy. Wọn ò rí dragon mi."

Kò pariwo. Kò sunkún. Ká ní ó pariwo, ǹ bá rí nǹkan fi dá a lóhùn. 

Lẹ́tà dé lọ́sẹ̀ kejì. Wọn ò mú un. Ṣùgbọ́n obìnrin onígíláàsì pupa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀, pé ààyè kan ṣì kù, pé kí Fadékẹ́ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní òun ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ níwájú ọba: kì í ṣe ọkùnrin yẹn ló ṣàṣìṣe, ìlú yẹn ni kò mọ̀ pé ó ń kí òun. Ìyàwó mi ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó dáa, kí nọ́ọ̀sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Mò ń pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò níwájú ilé lọ́jọ́ kan, nígbà tí Fadékẹ́ wá jókòó tì mí. Ó ní, "Daddy, nílùú yín láyé àtijọ́, báwo ni àlejò ṣe ń wọlé?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè tí mo ti ń dúró dè láti ọjọ́ tí mo ti bí i nìyẹn. Mo sọ ti odi amọ̀ fún un, mo sọ ti yàrà tó yí i ká. Mo sọ ti oníbodè tó máa bi ọ́ pé ta ni ọ́, ọmọ ta ni, ibo lo ti ń bọ̀, kí lò ń wá. Mo sọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń fa omi, àti pé a kì í wọ ilé onílé láìké àgò. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, oòrùn ti yí sápá kejì, ó sì ti kọ ìwé kún. Ohun kan ṣoṣo la jà lé lórí. Mo ní kó yọ dírágónì kúrò, pé kò sí dírágónì n'Ísẹ́yìn.

Ó ní, "Daddy, ẹ̀yin gan-an kúrò n'Ísẹ́yìn wá sí Georgia. Kí ló dé tí dragon mi ò lè travel?"

Mo padà sídìí ọ́ìlì mi.

Ní ọjọ́ ìdánwò kejì, Aunty Bùnmi ló bá a wọlé. Èmi, inú mọ́tò ni wọ́n ní kí n jókòó sí, ní parking lot, ìyàwó mi sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ kí n má bàa ronú nǹkan kan. Mo ka gbogbo mọ́tò tó wà níbẹ̀. Nígbà tí Fadékẹ́ máa jáde, ó ń sáré, ìyá rẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e, mo ti mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn pé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ti parí nílé wa. Ó ní wọ́n rí dírágónì rẹ̀. Ó ní obìnrin náà dìde dúró nígbà tó yọ.

Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó na pádì sí mi. Odi amọ̀ pupa rèé, ewéko hù lórí rẹ̀. Lẹ́nu ibodè, oníbodè kan jókòó sórí àpótí, ó gẹ fìlà sápá òsì. Mo kí i. Ó ní, "Èmi tí o ń wò yìí, kò sí oníbodè tó tó mi láti ibí dé òkun." Ó sọ bí òun ṣe ń fi ọwọ́ kan ṣílẹ̀kùn, tí òun ń fi ọwọ́ kejì jẹ ẹ̀pà. Ó sọ ti àwọn tó kàwé tí òun ń kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ bọ́tìnì kí n lè kọjá, kò dákẹ́. Mo tẹ gbogbo bọ́tìnì tó wà lára pádì. Mo ní, "Ta ni aláròyé yìí? Ṣé ẹnu kì í rẹ̀ ẹ́ ni?"

 Aunty Bùnmi ń wo bàtà rẹ̀. Ìyàwó mi ti kọjú sí ibòmíràn, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo tún wo fìlà yẹn dáadáa.

Fadékẹ́ ní àwọn adájọ́ náà gbìyànjú láti fò ó, kò ṣeé fò. Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ parí, tó sì dọ̀bálẹ̀ fún un, òun nìkan ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Bí o bá tẹ̀ lé ọmọ ẹ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, mú ọwọ́ ẹ dání, kí o fi ẹnu ẹ sínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n ní ti ilé olódi, wọ́n ti pọ̀ jù, mi ò kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ bá mi sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ òmíràn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo dúró nínú oòrùn Hampton, mo gbọ́ ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, mo sì tẹ bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún, mo dọ̀bálẹ̀ fún ara mi. Ilẹ̀kùn ṣí. Mo rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín ọ̀hún sì korò díẹ̀, bí ewúro tí wọn ò fọ̀ tán.